Òjò nìkan kọ́ ló ń gbé ilẹ̀ wa lọ

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú, ojú títì já, ìpìlẹ̀ ilé ẹnì kan yọ síta, ọ̀rọ̀ tí a ó sì kọ́kọ́ sọ ni pé òjò ọdún yìí mà le o. Bóyá ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Ìlú Bìní wà lórí ilẹ̀ yanrìn pupa. Igbó Okomu, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i, wà lórí irú ilẹ̀ kan náà. Òjò tó ń rọ̀ ní ibi méjèèjì kò yàtọ̀ púpọ̀, ó tó nǹkan bí i mìlímítà 2,000 lọ́dún. Nínú igbó, omi yẹn ń wọlẹ̀. Nínú ìlú, àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀gbun tó gbé ilé àti ojú ọ̀nà mì, èyí tí wọ́n ń pè ní Queen Ede sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù: ohun tí òjò bá lórí ilẹ̀ nígbà tó balẹ̀, àti ọ̀nà tí àwa èèyàn là fún omi rẹ̀ lẹ́yìn tó ti balẹ̀. Èkejì yìí ni a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọwọ́ wa ló ti wá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì tí a máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Omíyalé ni kí omi kún, kó wọlé, kó ba ẹrù jẹ́, kó sì fà. Kí àgbàrá jẹ ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Omi lè má wọ yàrá ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó gbé ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó bá sì ti lọ kì í padà wá. Wọ́n kàn máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Erùpẹ̀ tí àgbàrá gbé láti òkè kò pòórá. Inú gọ́tà àti odò ìsàlẹ̀ ló lọ jókòó sí. Ìsàlẹ̀ odò á máa ga díẹ̀díẹ̀, àyè tí omi ń gbà kọjá á máa dínkù, títí ọjọ́ tí òjò ńlá á dé tí odò á kún bo bèbè. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò Ìbàdàn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Pàǹtírí tí a dà sínú odò wà lára ohun tó fà á, ilé tí a kọ́ sí bèbè odò wà níbẹ̀, erùpẹ̀ tó ti orí àwọn òkè ìlú náà ṣàn wálẹ̀ sì wà níbẹ̀. Irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kún adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ṣe ní 1942, débi pé kò jìn bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Ẹ̀kán òjò tó tóbi, irú èyí tó ń ró gbàgbàgbà lórí páànù, lè fẹ̀ tó mìlímítà márùn-ún, eré tó fi ń bọ̀ sì tó kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Tó bá bá koríko tàbí ewé gbígbẹ nílẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti tán, omi á rọra wọlẹ̀. Tó bá bá ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, á bẹ́, á sì tú erùpẹ̀ ká. Ẹ̀rí èyí wà lára ògiri ilé wa. Ilé tí wọn kò bá da sìmẹ́ǹtì yí ká, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹrẹ̀ pupa tó ta sí ọ̀dà funfun yẹn, láti ilẹ̀ títí dé ibi orúnkún, kì í ṣe ọmọdé ló ta á síbẹ̀. Òjò ló sọ ọ́ sókè. Èyí tó ta sára ògiri la rí. Èyí tó ta síwájú ti bá omi lọ.

Ẹ tún wo ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Ẹ ó rí òkúta wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lórí òpó erùpẹ̀ tín-ínrín, tó ga tó ìbú ìka ọwọ́ kan. Òkúta yẹn kò gòkè. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ti lọ, tí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kù nítorí pé òkúta bò ó lórí. Bí òkúta náà ṣe ga ju ilẹ̀ lọ tó ni ilẹ̀ tó ti lọ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé àgbàlá tí a gbá mọ́ tónítóní ni àgbàlá ọmọlúàbí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìgbálẹ̀ bá kó gbogbo ewé lọ, tí ọkọ́ sì ha gbogbo koríko kúrò, kò sí ohun tó bo ilẹ̀ náà mọ́ nígbà tí òjò bá dé.

Irú ilẹ̀ jíjẹ yìí, tó ń bó ojú ilẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ló tàn wá jẹ jù. Tí mìlímítà kan péré bá lọ lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn nǹkan bí i pulọ́ọ̀tì 15, erùpẹ̀ tó lọ tó tọ́ọ̀nù 13. Ẹrù tipa kan gidi nìyẹn. Ojú lásán kò lè rí mìlímítà kan tó lọ, nítorí náà àgbẹ̀ kò ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣá, tí àgbàdo á máa pọ́n lójú, tí a ó sì máa sọ pé ajílẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Òkè ilẹ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ ohun ọ̀gbìn wà. Kí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ tó tún dá padà fúnra rẹ̀, ó lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí omi fi ń wọlẹ̀ níbì kan tó sì ń sáré lórí ilẹ̀ níbòmíràn? Ilẹ̀ abẹ́ igbó kún fún ihò. Gbòǹgbò tó ti jẹrà fi ihò sílẹ̀, ekòló ń lu ilẹ̀, ikán ń lu ilẹ̀, omi sì ń gba gbogbo ihò wọ̀nyí wọlé. Tí òjò bá ń lu ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú erùpẹ̀ tó ta sókè á padà wálẹ̀ wá dí àwọn ihò náà. Oòrùn á ràn, ojú ilẹ̀ á yi. Òjò tó bá tún dé kò ní rí ọ̀nà wọlẹ̀, àfi kó máa sáré lọ sí ìsàlẹ̀.

Wọ́n ti wọn èyí ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó wá láti Íńdíà, Rattan Lal, ṣe abala oko sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó yàtọ̀ síra ní àwọn ọdún 1970, ó sì ń wọn omi àti erùpẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Níbi tí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, erùpẹ̀ ń lọ, bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá sì ṣe pọ̀ tó ni tirẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Níbi tí wọ́n ti fi koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo bo ilẹ̀ dáadáa, erùpẹ̀ tó lọ kò tó nǹkan, títí kan orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀ jù. Ní 2020, wọ́n fún ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí ilẹ̀. Ó ń dùn mí pé orí ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti jáde, síbẹ̀ a ṣì ń finá sí pòròpórò lẹ́yìn ìkórè.

Ibí ni ọ̀rọ̀ pípọ̀ èèyàn ti wọlé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka nǹkan bí i 140 mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà. A ti lé ní 200 mílíọ̀nù báyìí, ilẹ̀ kò sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Àwọn baba wa á ro oko fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á fi sílẹ̀ kó sinmi, igbó á tún bò ó fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ìsinmi yẹn ti di ọdún kan sí méjì, níbòmíràn kò sí rárá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tán, oko wá ń gun òkè. Ẹni tó bá sì ń roko lórí òkè, tó jẹ́ kí poro kọjú sí ìsàlẹ̀, ti fọwọ́ ara rẹ̀ la gọ́tà sínú oko. Ó rọrùn láti kọ ebè bẹ́ẹ̀, omi kì í sì í dúró sí ìdí iṣu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ poro tó bá dábùú òkè á dá omi dúró kó lè wọlẹ̀, èyí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ á sì gbé ebè lọ lọ́dún díẹ̀ sí i. Katakata tó ń ṣán igbó náà ní tirẹ̀: ó ń há òkè ilẹ̀ mọ́ igi, ó sì ń tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ kí ó ki. Oko tí wọ́n fi àdá àti ọkọ́ ṣán kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yin ohun tó yẹ ká yìn. Àgbẹ̀ àtijọ́ tó gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo mọ ohun tó ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìtàkùn ẹ̀gúsí á ti bo ojú ilẹ̀ pátápátá, òjò á máa lu ewé dípò ilẹ̀. Ọ̀dùnkún náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ di ẹ̀bi tó pọ̀ jù lé lórí. Ọ̀gbun ńláńlá tó ń gbé ilé mì, láti ìgboro àti láti ojú títì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé kan tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní mítà 10. Òjò tó wọn mìlímítà 40 rọ̀ lé e, irú èyí tí a ń rí dáadáa ní oṣù kẹfà. Omi tó jábọ́ láti orí òrùlé kan yẹn jẹ́ lítà 6,000, ìyẹn táǹkì dúdú onílítà 1,000 mẹ́fà. Tí ilé 50 bá wà ládùúgbò náà, ó di lítà 300,000, a ò sì tíì ka àgbàlá tí wọ́n ti tẹ́ intalọ́ọ̀kù sí, a ò tíì ka ojú títì. Nígbà tí ibẹ̀ wà ní igbó, ilẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, láàárín wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ fẹ́ gba ẹnu gọ́tà kan ṣoṣo kọjá.

Gọ́tà náà wá parí síbo? Ìbéèrè tó kàn gbọ̀ngbọ̀n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Títí òpin iṣẹ́, wọ́n ń da kọnkéré, ó dára, ó mọ́, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn. Owó iṣẹ́ tán ní ibi tí ojú títì parí sí. Gọ́tà dá dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mítà bí i igba sí odò, omi gbogbo àdúgbò sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Kọnkéré ti jẹ́ kí omi náà sáré. Tí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ilẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin. Ọdún kìíní, kòtò tó gba garawa. Ọdún kẹta, kòtò tó gba ọkọ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹni tó gbé gọ́tà dá dúró sí àárín ọ̀nà ló bá àgbàrá wá ilé tí yóò wó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ọ̀gbun kì í gùn sí ìsàlẹ̀ nìkan, ó ń gùn padà sí òkè. Omi tó ń já bọ́ láti ẹnu ọ̀gbun ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, ògiri á wó, ẹnu ọ̀gbun á sún sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè ọ̀gbun, tó ń sọ pé omi ti kọjá tòun, òun gan-an ni ọ̀gbun ń bọ̀ wá bá.

Ìlà-oòrùn gúúsù ni ọ̀ràn yìí ti burú jù ní orílẹ̀-èdè wa, Anambra ló sì ṣáájú. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 4,177,828 níbẹ̀, ilẹ̀ wọn kò sì ju kìlómítà 4,844 ní ìwọ̀n onígun mẹ́rin lọ. Ó lé ní 860 èèyàn lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní Agulu, Nanka àti Oko, ilẹ̀ pupa ló wà lókè, ṣùgbọ́n yanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, yanrìn tí kò ní ohun tó so ó pọ̀, tó dà bí gààrí gbígbẹ. Tí àgbàrá bá ti lu òkè pupa yẹn já tó kan yanrìn, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ tún ń sun jáde ní ẹsẹ̀ ọ̀gbun, ó ń fọ yanrìn kúrò nísàlẹ̀, ògiri tó ga ju ilé alájà lọ á sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà míràn lọ́jọ́ tí òjò kò tiẹ̀ rọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn, Ẹ̀kìtì, Abẹ́òkúta, òkúta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, àgbàrá kì í sì í rí àyè gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló jẹ́ ká máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Ìgbò ni. Kí àwọn tó ń kọ́lé sí apá Òkìtìpupa àti gúúsù ìpínlẹ̀ Ògùn má ṣe rò bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀ yanrìn ni tiwọn náà.

Nígbà tí ọ̀gbun bá ti là, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé ká da pàǹtírí sí i, tàbí ká da owó jọ ra tipa ilẹ̀ pupa. Kò lè ṣiṣẹ́, nítorí omi tó gbẹ́ kòtò náà ṣì ń bọ̀. Ilẹ̀ tí a dà síbẹ̀ kò tiẹ̀ ki tó èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjò méjì, mẹ́ta á kó o lọ, pàǹtírí á sì lọ dí odò àwọn tó wà nísàlẹ̀. Orí omi la ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò.

"Ẹ gbin igi" ni ìmọ̀ràn tí ìjọba máa ń kọ́kọ́ fún wa. Ó dára, àmọ́ kò pé. Ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ igi ló ń dáàbò bo ilẹ̀, ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wọ inú oko igi tíìkì tí iná ti jó abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé tíìkì fẹ̀, ó ń gba ẹ̀kán òjò kéékèèké jọ di ńlá. Tó bá wá já láti òkè tó ga tó mítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òjò tó ti ojú ọ̀run wá. Tí kò bá sí ewé gbígbẹ tàbí koríko nílẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa lọ bí ẹni pé kò sí igi níbẹ̀ rárá. Igi tí wọ́n bá gbìn fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ bò, yàtọ̀. Kí kajú tó di ohun tí à ń tà sókè òkun, wọ́n ti ń gbìn ín ní agbègbè Udi, nítòsí Enugu, kó lè di ilẹ̀ mú.

Àwọn tó ń wa yanrìn lẹ́bàá odò àti ilẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ òkè wà lára ohun tó fà á: wọ́n ń yọ ẹsẹ̀ òkè, òkè á sì wá máa wá ibi tí yóò wó sí. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà náà ń dá kún un, torí bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí i ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, òjò tó bá sì dé á lè wúwo jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò kóyán rẹ̀ kéré. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ẹni tó gbé gọ́tà dá dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa fi ojú ọjọ́ bojú.

Títún ọ̀gbun tó ti dàgbà ṣe kì í ṣe owó kékeré. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí NEWMAP, iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti kojú ọ̀gbun àti ilẹ̀ jíjẹ ní Nàìjíríà, ní 2012, 500 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, ìpínlẹ̀ méje ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, Anambra àti Edo wà nínú wọn. Àpò yanrìn ti tó fún ọ̀gbun tó bá ṣì kéré. Tí ẹ bá rí ojú àgbàrá tó ń jìn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí kò tíì ju orúnkún lọ, ẹ to àpò yanrìn dábùú rẹ̀ ní ibi mélòó kan kí omi lè máa sinmi, kó máa da erùpẹ̀ tó gbé sílẹ̀. Ẹ gbin koríko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kó tó di ìgbà òjò tó ń bọ̀. Ẹ gbé táǹkì sábẹ́ òrùlé, kí ẹ sì jẹ́ kí apá kan àgbàlá wà láìtẹ́ nǹkan sí, kí ilẹ̀ rí omi mu.

Tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín bá sì pè yín sípàdé pé kí ẹ wá dá owó gọ́tà, ẹ dá a o. Kí ẹ tó san án, ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe mú yín rìn dé ibi tí gọ́tà náà máa parí sí, kí ẹ fojú ara yín rí i pé odò ni, pé kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn.